Bí ẹ ṣe máa kọ ìtàn ayé ìyá àgbà yín sílẹ̀ kí wọ́n má bàa di "màmá rere tó bẹ̀rù Ọlọ́run" lásán

Ẹ̀yin ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogi, òkun o, bí àwa ṣe ń kíra wa.

Tẹ́ ẹ bá ti lọ sí ìsìnkú méjì mẹ́ta nílé lásìkò ọdún, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Wọ́n á fún yín ní ìwé ètò ìsìnkú, ìwé dídán, màmá wà níwájú pẹ̀lú gèlè, ẹ ṣí i ẹ ka ìtàn ayé wọn, pé ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n ṣòwò, wọ́n tọ́jú ọmọ, wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n sùn nínú Olúwa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ dé abúlé kejì, màmá mìíràn, ìtàn kan náà. Tẹ́ ẹ bá pa orúkọ rẹ́ ẹ lè fi tọ̀hún sin tìbí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n parọ́ o. Ẹni tí wọ́n ní kó kọ ọ́ ni wọ́n ò sọ fún títí tó fi ku ọjọ́ mẹ́ta, oníwèé-títẹ̀ ń pè é ṣáá, màlúù ò tíì dé, aṣọ ẹbí ò tíì kárí, òun náà bá wá èyí tí wọ́n lò fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó yí orúkọ padà, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò ju pé kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè nǹkan kéékèèké, torí nínú nǹkan kéékèèké yẹn ni màmá tiyín ti yàtọ̀ sí màmá ẹlòmíì.

Tí màmá bá ṣì wà láàyè, ẹ má dúró de December. Gbogbo ayé ló ń wálé ní December, ilé kún, ọmọdé ń pariwo, ẹni yìí ń bọ̀ wá kí wọn, ẹni yẹn ń tọrọ àdúrà, màmá ò ní ráyè yín. Àsìkò káṣú náà ò dáa, láti bíi February títí dé May, tẹ́ ẹ bá mọ bó ṣe máa ń rí nílé lásìkò yẹn, màmá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ṣì máa fẹ́ lọ ṣa káṣú tiẹ̀ nísàlẹ̀ igi, tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún àwọn lówó ni. Ìgbà òjò ló dáa jù lójú tèmi, June, July, èèyàn ò pọ̀ nílé, kò sí òde kankan. Àmọ́ ẹ má gba ohùn sílẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ o, ariwo orí páànù á bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, òwúrọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun. Ẹ sì jọ̀ọ́, bí ọ̀nà ilé wa ṣe rí báyìí, ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ rìn, kò sí ìtàn tó tó ẹ̀mí.

Báwo lẹ ṣe máa béèrè? Ẹ má gbé fóònù sí wọn níwájú kẹ́ ẹ wá ní "Màmá, ẹ sọ ìtàn ayé yín fún wa." Èsì tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni "kí ni mo fẹ́ sọ, Ọlọ́run ló ṣe é, ẹ ṣáà máa bá mi dúpẹ́," ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àgbà ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìtàn ayé, ohun tójú wọn rí ni wọ́n mọ̀. Nǹkan tó lójú tó nímú ni kẹ́ ẹ béèrè. Odò wo lẹ máa ń pọn? Ta lẹ jọ ń lọ? Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, yàrá ta ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sùn sí? Ọjà ọrọọrún wo lẹ máa ń ná, kí lẹ máa ń rù lọ, kí lẹ máa ń fowó ẹ̀ rà bọ̀? Ta ló gbẹ̀bí àkọ́bí yín? Aṣọ wo lẹ kọ́kọ́ fowó ara yín rà?

Ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, kó wà lọ́wọ́ tiyín náà. Ẹ̀gúsí bíbó ló dáa jù. Ẹ gbé àtẹ sáàárín, ẹ jókòó sórí àpótí kúkúrú, kẹ́ ẹ máa bó o. Tójú bá wà nílẹ̀ tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu á máa sọ tiẹ̀, kò ní dà bíi pé ọlọ́pàá ló ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Mo bi ìyá kan nípa odò báyìí níjọ́ kan, mo rò pé orúkọ odò ni wọ́n máa dá fún mi. Wọ́n ní "odò wo? Ọkọ mi, odò ọ̀hún jìn o. Orogún mi àgbà ló máa ń mú àtùpà ṣíwájú, èmi lẹ́yìn, tí mo bá ti gbọ́ pé ó ń kọrin, ẹ̀rù ti bà á nìyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ju èèpo ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ orin yẹn. Orogún tí gbogbo ilé gbà pé wọ́n ń bá jà títí ó fi kú ni o. Kò sẹ́ni tó lè rí ìyẹn tó bá jẹ́ pé "báwo ni ìgbé ayé yín ṣe rí nílé ọkọ" ló béèrè.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀ka Yàgbà ni wọ́n ń sọ, kó jẹ́ Yàgbà, tó bá jẹ́ Owé, kó jẹ́ Owé. Mo ti rí ọmọ ọmọ tó jókòó ti ìyá àgbà tó ń sọ fún wọn pé "ẹ sọ Yorùbá gidi kí wọ́n lè gbọ́ ọ." Kí ló dé? Tí wọ́n bá ti ń wá ọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn ṣe máa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tiwọn fúnra wọn ti sọnù, àwàdà inú ẹ̀ náà á lọ. Tẹ́ ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá bi àwọn bùọ̀dá àgbà nílé lẹ́yìn náà. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Nípa ohùn gbígbà sílẹ̀ o, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra ohun ńlá. Ẹ ti dátà àti ìpè pa kí ẹnikẹ́ni má pe yín láàárín, ẹ ká aṣọ ìró wọn kan sórí àpótí ìjókòó kan nítòsí, kẹ́ ẹ gbé fóònù lé e, kó súnmọ́ wọn ju yín lọ. Ẹ pa fáànù tí iná bá wà, ẹ pa rédíò, ẹ lé adìyẹ jìnnà jàre. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ẹ sọ ọjọ́ òní, ibi tẹ́ ẹ wà àti orúkọ màmá, torí lọ́dún mẹ́wàá sí i ẹ ò ní rántí ohùn ta nìyẹn. Tó bá ti tó bí ogójì ìṣẹ́jú ẹ dá a dúró, àgbà á ti rẹ̀ wọ́n, wọn ò sì ní sọ fún yín pé ó ti rẹ àwọn. Lẹ́yìn náà ẹ yí orúkọ fáìlì yẹn padà kó jẹ́ orúkọ màmá àti ohun tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má sọ pé ó wà lórí WhatsApp. Ọjọ́ tí fóònù yẹn bá bọ́ sódò tàbí tẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ló parí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín tàbí kẹ́ ẹ gbé e sí Google Drive tẹ́ ẹ bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kẹ́ ẹ tún da ọ̀kan sórí mẹ́mórì kẹ́ ẹ fún ẹni kan nínú ẹbí tí kì í sọ nǹkan nù, ẹ mọ ẹni yẹn nínú ẹbí yín.

Ọjọ́ orí wàyí o, ibi tí ìjà máa ń wà. Gbogbo màmá tó bá ti kọjá ọgọ́rin lórí pósítà wa ló máa ń di ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ wọn àgbà á ní kí wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún àti márùn-ún, tẹ́ ẹ bá wá ṣe ìṣirò ẹ máa rí i pé màmá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n bí àbígbẹ̀yìn. Ẹ má ṣe irú ẹ̀. Ọdún tó wà lórí ìwé NIN náà, ẹ má gbára lé e, January 1 ni wọ́n kọ fún àgbà púpọ̀, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló fojú wọn wò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi wá a. Ṣé wọ́n rántí ogun Hitila? 1939 sí 1945 nìyẹn, tí wọ́n bá rántí báwọn ọkùnrin ṣe ń lọ sógun, wọ́n á ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà méje kí ogun tó parí. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí òkùnkùn ṣú lọ́sàn-án gangan, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 20 May 1947 ni o, kẹ́ ẹ má lọ fi í pọ̀ mọ́ ti March 2006 táwa náà rí. Nígbà náà, ṣé ọmọdé ni wọ́n ni, àbí ọmú ti yọ, àbí wọ́n ti wà nílé ọkọ? Ọjọ́ òmìnira, October 1960, ọmọ mélòó ni wọ́n ti bí? Nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, ta ló wà lẹ́yìn wọn? Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ní April 1972, nígbà tí pọ́n-ùn àti ṣílè lọ tí náírà dé ní January 1973? Àwọn oníṣòwò ò gbàgbé ti owó yìí láéláé, wọ́n á tún sọ ẹni tó fi ìyípadà owó yẹn rẹ́ wọn jẹ fún yín.

Tẹ́ ẹ bá ti rí méjì mẹ́ta tó bára mu, ẹ wá ẹgbẹ́ wọn tó kàwé, ẹni tí wọ́n jọ dàgbà tó ní ìwé ẹ̀rí, ẹ bi í pé ta ló ju ta lọ. Lẹ́yìn náà ẹ kọ "nǹkan bí 1936." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo fara mọ́ "nǹkan bí" tó jẹ́ òótọ́ ju ọjọ́ àti oṣù pípé tí ẹnì kan dá sílẹ̀ nínú yàrá lọ.

Àwọn ìwé tó lè ràn yín lọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa kà wọ́n. Tí màmá bá jẹ́ Áńgílíkà tàbí Àgùdà, ẹ lọ bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá ìwé ìrìbọmi àtijọ́ ṣì wà. Tó bá jẹ́ ìjọ ECWA, ìjọ tó jáde látinú iṣẹ́ míṣọ́nnárì SIM, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Yàgbà, ọjọ́ ìrìbọmi ò lè sọ ọjọ́ ìbí fún yín rárá, torí ẹni tó bá ti dàgbà tó gbàgbọ́ fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń rì bọmi níbẹ̀. Ohun tó máa sọ fún yín ni ìgbà tí wọ́n dá ìpinnu yẹn ṣe, ìyẹn náà sì ní ìtàn nínú, torí lọ́dún 1908 ni Tommy Titcombe, òyìnbó SIM ará Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀, ìran àwọn òbí wọn ni ìran tó kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù yẹn. Ẹ béèrè pé ta ló kọ́kọ́ gbàgbọ́ nínú ilé, ta ló bínú sí i. Ẹ béèrè nípa òrìṣà tó wà nílé kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, bóyá ẹnì kan nínú àwọn ìyá wọn wà nínú ẹgbẹ́ Ofosi, ẹgbẹ́ òrìṣà àwọn obìnrin nílé wa. Màmá míì ò ní fẹ́ dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀. Màmá míì á wò yín, á wo ẹnu ọ̀nà bóyá pásítọ̀ ń bọ̀, á wá sọ ọ́. Hòsípítù Ẹ̀gbẹ̀ náà, láti 1952 ló ti wà, ọ̀pọ̀ àwọn màmá wa ló ti bímọ níbẹ̀, káàdì ọmọ lè ṣì wà nínú àpótí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí "Kwara State" lórí ìwé wọn tẹ́ ẹ rò pé àṣìṣe ni, kì í ṣe àṣìṣe. Ìlú kan náà ni màmá jókòó sí o, àmọ́ Northern Region ni wọ́n ń pè é, tó di West Central State ní 1967, tó di Kwara, tó wá di Kogi ní August 27, 1991. Ìwé kan á ní Kabba Province, òmíì á ní Kwara, orí ilẹ̀ kan náà ni.

Ní báyìí, àpótí. Tí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣí pọtimántò yẹn. Òórùn káńfọ̀ á kọ́kọ́ lù yín nímú. Aṣọ òkè wà lókè, léèsì tí ọmọ wọn ará Kaduna rà wà lábẹ́ ẹ̀, àǹkárá ẹgbẹ́ obìnrin, ankoo ìgbéyàwó ẹni tó ti ní ọmọ ọmọ báyìí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ máa ti rí èyí tó nípọn, aṣọ funfun tó ti pọ́n díẹ̀, tí etí ẹ̀ ní ìlà búlúù aró, tó wúwo bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ sómi. Ẹ béèrè ẹni tó wun ún. Obìnrin ló ń wun aṣọ nínú ilé lọ́dọ̀ wa, lórí òfì ìdúró tí wọ́n gbé ti ògiri, ó lè jẹ́ ìyá màmá ló ran òwú ẹ̀ látorí òwú tí wọ́n ká lóko, kó tó wun ún fún wọn gbé lọ sílé ọkọ. Nike Okundaye tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí àdìrẹ, ọmọ Ogidi Ìjùmú ni wọ́n, ọwọ́ àwọn ìyá àgbà nínú ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yin ará Bùnú lẹ mọ ti aṣọ ìpò, aṣọ pupa tó jẹ́ ti ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá, tí irú ẹ̀ bá wà nínú ẹbí ẹ béèrè ta ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún.

Aṣọ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ tẹ́ sórí ẹní lójú mọ́mọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ ya etí ẹ̀ súnmọ́, ẹ béèrè ibi tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú so ó mọ́ igun ẹ̀, ẹ má lo gọ́ọ̀mù. Ẹ má fọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ eléyìí gbọnmọgbọnmọ ni pé bí wọ́n bá ti sin màmá tán ni wọ́n ń pín ẹrù, àbúrò yìí gbé méjì lọ sí Abuja, ẹ̀gbọ́n yẹn gbé mẹ́ta, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì aṣọ ìtàn ti di aṣọ ìbora ọmọ ọwọ́ nílé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ yà á kí wọ́n tó pín in.

Oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń se é, wọ́n á ní "ẹ ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i." Díẹ̀ wo? Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ọwọ́ wọn, tí wọ́n bá bu iyọ̀ ẹ ní kí wọ́n dà á síbẹ̀ ná, ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó dá a padà fún wọn. Wọ́n á bú yín díẹ̀, ẹ fara mọ́ ọn. Irú ṣíṣe gan-an gba sùúrù, torí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á sè é pẹ́ títí kí èèpo ẹ̀ tó lè bó, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún sè é, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Ọwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ máa ya fídíò ẹ̀, kì í ṣe ojú. Fọ́tò ojú wọn pọ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ya ọwọ́.

Fọ́tò àtijọ́, èyí tó wà lára ògiri: ẹ gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ta sí tààrà, ẹ má lo fláàṣì. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣí i o, ó máa ya, ẹ yà á bẹ́ẹ̀ látorí gíláàsì. Èyí tó ṣeé yọ, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, àwọn ayàwòrán ìgbà yẹn máa ń tẹ òǹtẹ̀, orúkọ ìlú lè wà níbẹ̀, ìgbà míì ọjọ́ náà á wà. Kẹ́ ẹ wá bi màmá ní ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gba ohùn yẹn sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dákẹ́ lé lórí nínú fọ́tò, ẹ má yára kọjá lára ẹ̀.

Tí màmá bá ti lọ ńkọ́? Ẹ ṣì lè ṣe é. Àmọ́ ẹ má jókòó sílé bàbá yín nìkan. Èyí máa ń dùn mí, pé obìnrin á ti Ìsánlú wá fẹ́ ọkọ ní Mọ̀pà, tí wọ́n bá wá kọ ìtàn ẹ̀, ilé ọkọ ni gbogbo ẹ̀, bíi pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n bí i. Ẹ lọ sí ilé bàbá wọn. Ẹ mú nǹkan dání, ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin obìnrin ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ pé ọmọ lágbájá lẹ jẹ́, ẹ wá gbọ́ nípa Iye yín, ìyẹn ìyá yín. Ibẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ ni oríkì wọn wà, ibẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ pé màmá yín tí wọ́n jẹ́jẹ́ yìí, jàgídíjàgan ni wọ́n ní kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá orogún tó bá kù, àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n jọ ṣe obìnrin ilé, àwọn oníbàárà wọn lọ́jà, ìyá tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ béèrè orúkọ tí màmá fi ń pe àwọn àbúrò ọkọ wọn, torí ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé, wọ́n á ti sọ ẹnì kan ní Akọ̀wé, wọ́n á sọ ẹnì kan ní Ìbàdí-Àrán. Orúkọ wọ̀nyẹn nìkan, ẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín tí.

Nǹkan tó dunni wà nínú ẹ̀ o. Ọmọ tó kú. Àgbà ò fẹ́ ka ọmọ, ẹ má bi wọ́n ní "ọmọ mélòó lẹ bí." Ẹ ní "ta ló tẹ̀ lé bùọ̀dá lẹ́yìn?" Wọ́n á dárúkọ, ẹ tún béèrè ẹni tó tẹ̀ lé e, ibi tí àlàfo bá wà ẹ ó rí i pé wọ́n dákẹ́ díẹ̀, nígbà míì wọ́n á dárúkọ ẹni tí ẹ ò gbọ́ rí láyé yín. Ẹ kọ orúkọ yẹn. Ìjà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ orogún, ẹni tí wọ́n fẹ́sùn àjẹ́ kàn, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má fi sínú ìwé ètò ìsìnkú. Tí wọ́n bá ní "èyí ò gbọdọ̀ jáde," ẹ pa fóònù níṣojú wọn.

Tó bá dorí kíkọ, ẹ pín in sí méjì. Èyí tó kúrú ni ti ìwé ìsìnkú, pásítọ̀ ló máa kà á, ojú ewé kan tó. Èyí tó gùn ni ti ẹbí, kò sí òfin fún un. Nínú méjèèjì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a bí màmá sínú ìdílé." Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó jẹ́ tiwọn nìkan, báyìí:

"Màmá kì í ta iṣu wọn tán lọ́jà. Bó ti wù kí owó dáa tó, wọ́n á fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún obìnrin aláboyún tó bá kọ́kọ́ kọjá, torí lọ́dún tí wọ́n lóyún bàbá wa, ẹnì kan ní Kàbbà ló fún wọn ní iṣu nígbà tí wọn ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́."

Ẹ rí i? Ẹ ò tíì sọ pé wọ́n lawọ́, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ kọ pé wọ́n lawọ́, wọ́n ní sùúrù, wọ́n gbọ́n, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ fi mọ̀, kẹ́ ẹ kọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ìwà wọn tó le náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Màmá tó máa ń ka ẹran inú ìkòkò kó tó lọ oko, ẹ kọ ọ́, gbogbo ilé ló máa pariwo nígbà tí pásítọ̀ bá kà á.

Ọjọ́ ìsìnkú fúnra ẹ̀, ẹ yan ẹnì kan tí kò ní gbé ìrẹsì, tí kò ní pín ọtí, iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó máa tẹ̀ lé àwọn ìyá arúgbó kiri pẹ̀lú fóònù. Fídíò tí ẹ sanwó fún, orí tábìlì ọlọ́lá àti ibi tí wọ́n ti ń náwó ló máa dojú kọ. Àwọn ìyá tó mọ orin arò, tó mọ oríkì ìdílé yẹn, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n tẹ́ òkú sí ni wọ́n máa wà láàárọ̀ kùtù, wọ́n á máa sun ún jẹ́jẹ́, DJ á sì ti máa dán spíkà wò. Ẹ sọ fún DJ yẹn tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó san àṣansílẹ̀, pé títí tí wọ́n fi máa gbé òkú lọ ṣọ́ọ̀ṣì, spíkà ò gbọdọ̀ dún. Ó máa ní kò sí wàhálà, tó bá di ọjọ́ náà ó máa tàn án. Ẹ yan ẹnì kan tó burú díẹ̀ kó dúró ti jẹnẹrétọ̀.

Èyí tó gùn yẹn, ẹ má rò pé ẹ máa parí ẹ̀ kí ìsìnkú tó dé. Ọdún kan tí wọ́n bá fi ṣe ìrántí ni kẹ́ ẹ fojú sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, ẹ di í, kó má jẹ́ orí fóònù nìkan. Ẹ fún ilé ọkọ ní ọ̀kan, ẹ fún ilé bàbá wọn ní ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí ojú ẹ̀ ṣì ríran dáadáa kà á sókè fún àwọn àgbà ilé kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n á ṣàtúnṣe, wọ́n á sì bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó ni ilẹ̀ ìdí ìrókò, ẹ gba ohùn ìyẹn náà sílẹ̀. Owó títẹ̀ ẹ̀ ò pọ̀ tó owó kúlà ọtí kan, ẹ gbé e lé àwọn tó wà ní London àti Amẹ́ríkà lórí, àwọn tí wọn ò lè wá sílé, wọ́n á tètè fi í ránṣẹ́.